Ojú Omi Kẹrin

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n wọn ò sọ ọ́ tán. Wọn ò sọ ohun tí òtítọ́ ń ṣe nígbà tó bá bá irọ́ tán, wọn ò sì sọ ẹni tí yóò palẹ̀ ìjà àwọn méjèèjì mọ́. Irọ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n létí àbàtà kan lẹ́yìn Igando, iṣẹ́ rere tó sì ṣe níbẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ òtítọ́ tí mo mọ̀ lọ.

Aasiyah ló pa á, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ní báyìí ó ti pé márùndínlógójì, ó ti kàwé, ó sì ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Múrítàlá, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Dopemu. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa yẹ àbàtà wò, kí wọ́n mọ èyí tó ṣì ń mí àti èyí tó ti kú. Kì í ṣe ojú lásán ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, torí omi lè mọ́ kó má sì sí ohun ẹlẹ́mìí kan nínú rẹ̀. Wọn á ti àwọ̀n bọ ẹsẹ̀ koríko, wọn á gbá ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ wá, wọn á dà á sínú abọ́ funfun, wọn á wá jókòó tì í, kí wọ́n máa ka àwọn ẹ̀dá kéékèèké tó ń rìn nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ tánwíjí àti aràn pupa nìkan ni wọ́n rí, omi yẹn ti ń kú lọ, nítorí àwọn yẹn lè gbé inú ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ọmọ lámilámi, tó máa ń gbé inú omi kó tó hu ìyẹ́, kò fẹ́ràn ìdọ̀tí. Kòkòrò kan tún wà tó nírù mẹ́ta, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn ìránṣọ. Ìyẹn ò tilẹ̀ fẹ́ fojú kan ọṣẹ. Wọn á ka gbogbo wọn pọ̀, wọn á fún omi náà ní máàkì láti orí òdo dé orí mẹ́wàá.

Nínú oṣù kejì ọdún, àwọn kan fẹ́ da yanrìn sí àbàtà ẹ̀yìn Igando yìí kí wọ́n fi kọ́ ilé tà. Ìjọba ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́ẹ̀kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́ẹ̀kan nígbà òjò. Bó bá ti kú, kí wọ́n máa da yanrìn wọn. Bó bá ṣì wà láàyè, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Múrítàlá gba iṣẹ́ náà, ó fa àmì mẹ́rin sórí máàpù, ojú omi mẹ́rin tí wọ́n máa yẹ̀ wò, ó sì gbé e fún Aasiyah. Aasiyah wo àmì kẹrin, ó rí i pé ẹ̀yìn ilé ìyá òun ni. Ó lè sọ pé kí wọ́n fún ẹlòmíì, ṣùgbọ́n ẹnu wo ni yóò fi sọ ìdí rẹ̀?

Ìyá rẹ̀, Sìdíkátù, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ń ránṣọ. Bàbá Aasiyah ti padà sílé tipẹ́, ó sì kú síbẹ̀. Obìnrin náà nìkan ló kù nínú ilé etí omi yìí, ilé tí omi máa ń wọ̀ lọ́dọọdún bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà òjò èṣí, omi dé orí bẹ́ẹ̀dì. Orí tábìlì ìránṣọ ló sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì wú ikọ́ wọ inú ọyẹ́. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ pe Aasiyah sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní bí màmá yìí bá tún lo òjò kan sí i nínú ilé yẹn, kí wọ́n má wulẹ̀ gbé e wá mọ́. Aasiyah ti tún yàrá kan ṣe fún un nínú ilé tirẹ̀ ní àdúgbò Command, ó ti ra bẹ́ẹ̀dì tuntun, ó ti bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu fi ń ro ó. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ìyá rẹ̀ máa ń sọ: tí Zikrullah bá dé, tí kò bá òun nílé ńkọ́?

Zikrullah ni àbúrò Aasiyah. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tó wọ inú omi yẹn, wọn ò sì rí òkú rẹ̀. Aasiyah ló yẹ kó máa ṣọ́ ọ. Ó fẹ́ mú lámilámi kó so òwú mọ́ ọn nírù, bí gbogbo ọmọdé ṣe ń ṣe, ló bá gbé àbúrò rẹ̀ jókòó sórí kùkùté létí omi, ó ní kó dúró de òun. Lámilámi náà mú un rìn jìnnà. Nígbà tó dé, sálúbàtà kan ló rí lórí omi. Bó ṣe ń sáré lọ sílé, pàṣán ìyá rẹ̀ ló ń rò, ohun tó sì wá sí i lẹ́nu ni àwọn obìnrin ìjọ Aládùúrà tó máa ń wá wẹ̀ níbẹ̀ ní ìdájí tàwọn ti aṣọ funfun wọn. Ó ní obìnrin aláṣọ funfun kan ló jáde látinú omi, tó fa Zikrullah lọ́wọ́, tó sì ní òun yóò dá a padà.

Ká ní kò sọ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, ìbá sàn. Yorùbá ní ọmọ ẹni kú yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Sìdíkátù ò sunkún òkú ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ kan rí, ó ń dúró dè é ni. Ó kọ̀ kí ẹnikẹ́ni pe òun ní Ìyá Aasiyah mọ́, Ìyá Zikrullah ló ń jẹ́. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló máa ń fọ jalamíà kékeré kan tó rán fún ọmọ náà, kó lè rí i wọ̀ tó bá dé kó sì tó ìrun Jímọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń fọ̀ ọ́. Aṣọ náà ti fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà.

Ojú kìíní, lẹ́bàá afárá, gba máàkì méjì. Èkejì gba ẹyọ kan, ẹ̀kẹta gba mẹ́ta. Aasiyah wá dé ojú kẹrin. Ọgbà ọparun ló yí i ká, wọ́n so aṣọ funfun mọ́ ọn lórí. Títí tó fi débẹ̀, ọ̀rá àti ike ló ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ọgbà yìí, ewé òṣíbàtà ló tẹ́ lọ sórí omi, omi náà sì mọ́ débi pé ó rí ẹsẹ̀ bàtà òjò rẹ̀ nísàlẹ̀. Bó ṣe wọnú rẹ̀ ni àwọn kọ̀ǹkọ̀ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹkọ̀ ń ṣe tí èèyàn bá dé. Síbẹ̀ ó rọra ń gbé ẹsẹ̀.

Ó ti àwọ̀n bọ abẹ́ òṣíbàtà, ó dà á sínú abọ́. Ọmọ lámilámi mọ́kànlá ló kà. Edé wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀, kòkòrò onírù mẹ́ta náà sì pọ̀ ju ohun tó lè kà lọ. Máàkì mẹ́sàn-án. Bó ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ ló gbọ́ ẹsẹ̀ kékeré tó ń ta omi lẹ́yìn rẹ̀, bíi ti ọmọdé tí wọ́n ní kó má fi omi ṣeré tó sì ń fi í ṣeré. Ó yíjú, kò rí ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n ìgbì wẹ́wẹ́ ń ti àárín omi bọ̀, wọ́n ń wá kan bàtà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ kankan ò fẹ́. Ó da àwọn ẹ̀dá inú abọ́ padà, ó kó ẹrù rẹ̀, kò sì bojú wẹ̀yìn títí ó fi dé títì.

Múrítàlá ò gba máàkì mẹ́sàn-án náà gbọ́. Ó ní omi kan náà kọ́ ni, tí ibòmíì nínú rẹ̀ gba ẹyọ kan? Ó bá a lọ lọ́jọ́ kejì, ó ka tirẹ̀, òun náà rí mẹ́sàn-án. Ibi tó ti ń mi orí ni bàbá arúgbó kan ti yọ sí wọn, láìwọ bàtà, nínú sùtánà funfun. Bàbá Ọlọ́runṣògo ni, alàgbà ìjọ aláṣọ funfun tó wà lókè ọ̀nà. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bọ́ bàtà wọn, ilẹ̀ mímọ́ ni. Múrítàlá bi í pé kí ló dé tí ibẹ̀ fi rí báyìí, bàbá náà sì jókòó, ó rò ó fún un.

Ó ní nígbà kan àwọn náà máa ń fi kànìnkànìn tuntun àti ọṣẹ wẹ̀ níbẹ̀, wọn á sì fi í sílẹ̀ sórí omi. Àmọ́ láti ọjọ́ tí ọmọbìnrin kékeré kan ti rí ẹni náà tó jáde, wọ́n fòfin dè é. Kò sí ọṣẹ mọ́, kò sí bàtà, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ da ilẹ̀ síbẹ̀. Ìmáàmù àdúgbò ní irọ́ ni, ṣùgbọ́n òun náà ò da tirẹ̀ síbẹ̀. Bàbá náà ní obìnrin yẹn ga bí ọ̀pẹ, irun rẹ̀ ń wọ́ lórí omi, ìràwọ̀ sì wà níwájú orí rẹ̀. Aasiyah ò sọ ìkankan nínú èyí rí. Irọ́ rẹ̀ ti dàgbà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti ní oko tirẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíì.

“Ẹ bi òun fúnra rẹ̀,” ni Bàbá Ọlọ́runṣògo wí, ó fọwọ́ sí Aasiyah. “Ojú rẹ̀ ló ṣe.”

Múrítàlá wò ó tìyanu-tìyanu, ó bi í bóyá òótọ́ ni. Aasiyah ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Kò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Múrítàlá rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, kí ó ṣá kọ ọ́ sínú ìwé pé ìbẹ̀rù àwọn ará àdúgbò ló ń dáàbò bo omi náà, àti pé ojú kan yìí tó láti gba gbogbo àbàtà là bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ dé ìgbà òjò. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni bàbá náà fa Aasiyah sẹ́yìn. Ó ní kó tètè wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù yìí ni òun ti bá a nínú omi ní ìdájí, omi ti mù ún dé àyà, ó ń pe ọmọ rẹ̀. Òun ló fà á jáde.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló pin Aasiyah lẹ́mìí. Ọjọ́bọ̀ ni. Ó bá ìyá rẹ̀ lẹ́yìnkùlé ní ìrọ̀lẹ́, ó ń sá jalamíà náà sórí okùn, ó kọ iwájú rẹ̀ sí omi. Aasiyah kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

“Màámi, kò sí obìnrin kankan,” ló wí. “Èmi ni mo gbé e jókòó sétí omi, mo ní kó dúró dè mí, mo lọ lé lámilámi. Nígbà tí mo dé, sálúbàtà rẹ̀ ni mo rí. Ẹ̀rù yín ló bà mí tí mo fi sọ ohun tí mo sọ.”

Ìyá rẹ̀ ò wò ó. Ó na apá aṣọ náà kó má baà hun, ó tún na apá kejì.

“Ta ló wá ń dá mi lóhùn?” ló bi í.

Ẹsẹ̀ kékeré tó gbọ́ nínú omi lọ́jọ́sí ló wá sí Aasiyah lọ́kàn, ẹ̀rù sì bà á ju ti ọjọ́ náà lọ. Ìyá rẹ̀ ká aṣọ náà kúrò lórí okùn ní tútù, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí àwọn aládùúgbò ń gbálẹ̀ iwájú ilé wọn, Sìdíkátù gbé bàsíà eérú àti èèpo iṣu jáde. Ó gba iwájú gbogbo wọn kọjá, ó wọ inú ọgbà ọparun pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, ó sì dà á sínú omi. Eérú náà funfun lórí òṣíbàtà. Ẹnì kan bi í pé kí ló dé. Ó ní omi lásán ni, ọmọ òun tó ní òun rí obìnrin náà ló sọ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí oòrùn tó mú, ó ti di ẹrù rẹ̀, ó ní kí Aasiyah máa gbé òun lọ sí Command.

Ohun tí Aasiyah ń fẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ wá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ikọ́ ìyá rẹ̀ rọlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ tí omi ti jẹ gbẹ. Wọ́n ń pè é ní Ìyá Aasiyah ní àdúgbò tuntun, ó sì ń dáhùn. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò sì ju kí o wá jẹun, kí o ti fèrèsé. Jalamíà náà wà nísàlẹ̀ àpótí. Ó dun Aasiyah, ó sì tún tù ú nínú. Àwọn méjèèjì ń gbé inú rẹ̀ láìbá ara wọn jà.

Ní Igando, kò gba ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó ti ń ru ìdọ̀tí rẹ̀ jìnnà kó tó rí ọkọ̀ tó ń kó o, ó rí ibi tó sún mọ́ ọn. Bàbá Ọlọ́runṣògo bá wọn jà títí, wọ́n ní kó lọ bá ẹni tó pa ìtàn náà. Nígbà tó yá, ó tú aṣọ funfun rẹ̀ kúrò lórí ọparun, ó ká a lọ sílé. Kò kí Aasiyah mọ́.

Lóṣù kẹfà, nígbà tí òjò ti wọlẹ̀, Aasiyah àti Múrítàlá padà lọ kà á. Pámpáàsì ọmọ ti wú lórí omi, ìyẹ́ adìyẹ kún etí rẹ̀, òṣíbàtà ti rà. Tánwíjí ló kún inú abọ́. Aasiyah wá a títí ojú fi ń ta á, ó rí ọmọ lámilámi kan ṣoṣo tó rọra ń gbé ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Máàkì méjì. Múrítàlá bú ara rẹ̀, ó bú àwọn tó ń da ìdọ̀tí, ó sì jókòó sórí kùkùté. Ó ní omi máa ń wo ara rẹ̀ sàn bí wọ́n bá fi í sílẹ̀. Òun lè bẹ ìjọba pé kí wọ́n jẹ́ káwọn kà á lẹ́ẹ̀kẹta lẹ́yìn òjò, ṣùgbọ́n ta ni yóò dá àwọn èèyàn yìí dúró títí di ìgbà náà? Ló bá gbéra lọ bá mọ́tò. Aasiyah ní òun ń bọ̀, òun fẹ́ da ọmọ lámilámi yẹn padà.

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí omi ni obìnrin kan ti dé pẹ̀lú àpò ìdọ̀tí lórí, ọmọ lẹ́yìn. Qonitah lorúkọ rẹ̀, ayálégbé tuntun ni, inú ilé tí Sìdíkátù fi sílẹ̀ gan-an ló ń gbé. Ó kí Aasiyah tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sọ àpò náà kalẹ̀, ó ń tú ẹnu rẹ̀.

“Àǹtí, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ sọ pé kò sí obìnrin kankan níbí jàre,” ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ìgbà tí mo kọ́kọ́ dé, ẹ̀rù bà mí o.”

Aasiyah wo abọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹyọ kan tó kù nínú gbogbo omi náà ń rìn yí etí abọ́ ká, ó ń wá ọ̀nà. Ó rántí lámilámi tó lé lọ́jọ́ náà. Ó rántí ìyá rẹ̀ pẹ̀lú, lórí bẹ́ẹ̀dì gbígbẹ ní Command, ó sì mọ̀ pé kò sí ohun tí èèyàn ń sọ ní Igando tí kì í dé ibẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n kó tó la ẹnu.

“Mo rí i lónìí,” ló wí. “Ó fa ọmọ kan lọ́wọ́.”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Qonitah. Ó wo omi, ó wo ojú Aasiyah, ó sì rí ohun tó rí níbẹ̀, nítorí ojú náà ò jọ ojú ẹni tó ń parọ́. Ìgbì wẹ́wẹ́ ti ń ti àárín omi bọ̀, láàárín ọ̀rá àti ìyẹ́ adìyẹ, wọ́n ń kan bàtà Aasiyah lọ́kọ̀ọ̀kan. Qonitah di ẹnu àpò náà padà, ó gbé e rù, ó sì fi ẹ̀yìn rìn jáde nínú ọgbà. Aasiyah da ọmọ lámilámi náà sínú omi.

Ó bá Múrítàlá dé Dopemu, ó kọ máàkì méjì náà sínú ìwé pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ káwọn kà á lẹ́ẹ̀kẹta, kó tó wọ ọkọ̀ lọ sílé. Alẹ́ ti ń lẹ́ nígbà tó dé Command. Báàgì ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti so ó, ẹ̀rọ ìránṣọ wà lórí rẹ̀. Òjò ti ṣú lápá Igando. Ó bá ìyá náà lẹ́yìnkùlé lórí àpótí ìjókòó, báàfù omi ọṣẹ níwájú rẹ̀, fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbà náà ló rántí pé Ọjọ́bọ̀ ni.

Ìyá rẹ̀ gbójú sókè. Láti oṣù mẹ́rin, Aasiyah ò rí ojú yẹn kó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

“Wọ́n ní o rí i,” ni ìyá rẹ̀ wí. Ó gbé jalamíà kékeré náà sókè nínú omi ọṣẹ. “Ṣé ó ti dàgbà, àbí èyí ṣì máa bá a mu?”

Aasiyah kúnlẹ̀, ó di etí kejì aṣọ náà mú.

“Ó máa bá a mu, Màámi,” ló wí, àwọn méjèèjì sì jọ fún omi inú rẹ̀.